Orúkọ Ẹni Tó Wà Nínú Páànù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran? Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní ìfaradà ni òwe náà ń kọ́ wa, pé kí ìbànújẹ́ má dì wá lójú títí a ó fi já sí kòtò. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn, n kò bi yín ní ìtumọ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo ń bi yín. Ìdí rẹ̀ sì ni ìwé kan, ìwé ẹlẹ́yìn awọ, tí obìnrin kan gbé lọ síbi ìsìnkú ní Ìkirè. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí obìnrin náà, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ìbídùn ni orúkọ obìnrin náà. Akọ̀wé ni ní kóòtù ìbílẹ̀ kan ní Ìwó, ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó sì wà lára àwọn ènìyàn tó máa ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n bá kọ. Bí ẹjọ́ bá parí, òun ni ó ń tẹ́ ìwé síwájú olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ yẹn ti kọ́ ọ pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ sí, bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan yóò dìde yóò ní kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun kan sì wà tó dá Ìbídùn lójú pé ó ṣẹlẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sẹ́. Ohun náà ni *Ìdíkọ̀ Òṣùpá*.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò lè mọ̀ ọ́n. Eré orí tẹlifíṣàn ni, láyé ìgbà tí àwòrán ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, tí ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifíṣàn ní àdúgbò, tí àwọn ọmọdé yòókù á rọ̀ mọ́ fèrèsé ilé náà bí àdán. Nínú eré yìí, àwọn ènìyàn ti kó lọ sínú òṣùpá, wọ́n sì ti dá ìdíkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kan sì ń kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí ìràwọ̀ gbogbo. Awakọ̀ ni olórí wọn. Kọ̀ńdọ́ wà, tí yóò máa pariwo nínú òfìfo sánmà níbi tí kò sí ẹ̀dá alààyè kankan pé ó ku ẹnì kan péré kí ọkọ̀ gbéra. Ìyá Awòràwọ̀ wà, tó ń júwe ọ̀nà. Dókítà wà, àti ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó sá kúrò nílé. Ẹnì kẹfà wọn ni Páànù.

Páànù kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní àwòrán ènìyàn ni. Garawa ni orí rẹ̀, iná mọ́tò méjì ni ojú rẹ̀, páànù tí a fi ń bo ilé ni wọ́n sì fi rọ ara rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á mi ara rẹ̀ kó dún. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, á dúró jẹ́ẹ́, iná ojú rẹ̀ á wá máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ gbàgbé Páànù sórí ìràwọ̀ olótùútù kan, Ìbídùn, ọmọ ọdún méje, sunkún délé láti ìdí fèrèsé. Ìyá rẹ̀ bi í pé ṣé páànù ló ń sunkún fún. Ó ní rárá, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni, nítorí pé ooru á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Bí eré bá parí, wọ́n á to orúkọ àwọn òṣèré. Wọ́n á kọ ọ́ pé Awakọ̀ ni Adéoṣùn Látúbọ̀sún, Kọ̀ńdọ́ ni Jìnádù Alápó, wọ́n á sì máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn ó fi dé ìsàlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ohun tí wọ́n kọ ni pé Páànù ni Páànù fúnra rẹ̀.

Ṣé ó tọ́? Ọdún mẹ́rin ni ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan fi gbé orí bọ garawa, tó ń làágùn nínú òkùnkùn, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ní páànù ló ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá dùn mọ́ ẹ̀yin, kò dùn mọ́ èmi, kò sì dùn mọ́ Ìbídùn.

Nígbà tó yá, ilé tẹlifíṣàn tó ṣe eré náà kógbá wọlé. Kí wọ́n tó kógbá wọlé, wọ́n ti pa gbogbo téèpù *Ìdíkọ̀ Òṣùpá* rẹ́, wọ́n fi gba ìdíje bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí pé téèpù wọ́n. Kò ku ohun kan. Àwọn ọ̀dọ́ tí Ìbídùn ń sọ ìtàn eré náà fún ní kóòtù máa ń wo ara wọn, wọ́n á ní àlá ni ìyá wa lá. Ìgbà náà ni ó ra ìwé ẹlẹ́yìn awọ kan, ó pinnu pé òun yóò gba ìfọwọ́sí òṣèré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú rẹ̀ kí ikú tó kó wọn tán. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó lè ní kò ṣẹlẹ̀.

Ewé kọ̀ọ̀kan ni ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì to orúkọ wọn bí a ṣe ń to a, b, d, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ṣe ojúsàájú. Páànù nìkan ni kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí náà òun ni ó gbẹ̀yìn, èyí sì dun Ìbídùn. Ó ya àwòrán rẹ̀ sórí ewé náà bí ó ṣe rántí rẹ̀, garawa, iná mọ́tò méjèèjì, àti gbogbo rẹ̀. Ó fa ìlà kan sábẹ́ àwòrán náà, ó sì fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo.

Láàárín ọdún méjì, ó rí ẹni mẹ́rin gbà. Bàbá Jìnádù tó ṣe Kọ̀ńdọ́ kò ríran dáadáa mọ́, ìfọwọ́sí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé, ó parí sórí tábìlì. Ìyá Awòràwọ̀ kọ ohun tó máa ń sọ nínú eré sábẹ́ orúkọ rẹ̀, pé, “A ó pàdé lókè.” Gbogbo wọn ni Ìbídùn bi léèrè orúkọ ẹni tó wà nínú Páànù. Dókítà ní ará Apòmù ni. Akẹ́kọ̀ọ́, tó ti di ìyá àgbà báyìí, ní ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń há gúgúrú fún àwọn. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ní bí wọ́n bá ti de páànù mọ́ ọn lára ní àárọ̀, wọn kì í tú u títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà Páànù ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n bá ń jẹun pàápàá.

Bàbá Jìnádù ló ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ó ní, “Ọmọ mi, a kì í bi ẹni tó wà nínú ẹ̀kú léèrè orúkọ.”

Ìbídùn dá a lóhùn pé, “Bàbá, bí egúngún bá délé, tó bọ́ ẹ̀kú, ìyàwó rẹ̀ mọ ẹni tí òun ń gbé oúnjẹ fún. Ta ló mọ ti Páànù?”

Bàbá náà ní kí wọ́n bá òun bu omi wá.

Gbogbo wọn sọ pé Awakọ̀ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló gba ọkùnrin náà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n Awakọ̀, ìyẹn Bàbá Adéoṣùn ní Ìkirè, kò fẹ́ fọwọ́ sí ewé kan ṣoṣo. Méjì ló fẹ́. Ó bi Ìbídùn pé kí òun tí òun wa ọkọ̀ dé ìràwọ̀ mọ́kànlélógójì wá ní ewé kan bíi páànù ilé? Ìbídùn kúnlẹ̀, ó sì sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ewé kan ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá ní kó máa lọ. Ó lọ. Lọ́dún kejì, ó padà wá, bàbá béèrè méjì, ó ní ọ̀kan, wọ́n tún túká. Ohun tó tọ́ ló ń ṣe, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tó tọ́ kì í dá ikú dúró.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìpè dé láti Ìkirè. Bàbá ní kí Ìbídùn mú ìwé rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ewé kan tó. Ó ní òun yóò sọ orúkọ ọkùnrin náà fún un, pé láti àná ni òun ti ń rántí bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nínú garawa, tí gbogbo ọkọ̀ á máa mì. Ìbídùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn ní ọ̀sẹ̀ náà.

Bàbá Adéoṣùn kú lọ́jọ́bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n sin ín. Ìbídùn lọ. Kò lọ gba ìfọwọ́sí, òkú kì í di bírò mú. Ó lọ nítorí pé ó mọ̀ ọ́n lára pé bí òun bá ti gbà fún bàbá nígbà àkọ́kọ́, òun ìbá ti mọ orúkọ náà. Ó sì gbé ìwé náà dání nítorí pé, bí ẹni tó wà nínú Páànù bá ṣì wà láyé, kò sí ibòmíràn tí yóò wà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó wọ agboolé, ó bá tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé. Fọ́tò bàbá wà lórí rẹ̀, àtùpà kan ń jó níwájú fọ́tò, wọ́n sì fi òwú so bírò mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ẹnikẹ́ni má jí i lọ. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ àyàfi ìwé ìbánikẹ́dùn fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé ti bàjẹ́ sọ́nà, àwọn àlejò sì ti tò lọ bẹẹrẹ níwájú tábìlì tí kò sí ìwé lórí rẹ̀.

Àbúrò olóògbé lóbìnrin, Àǹtí Tinú, ló ń ṣe kòkáárí ohun gbogbo. Àǹtí yìí lè sunkún, kí ó sì máa darí ìsìnkú lẹ́ẹ̀kan náà. Á ké pé ẹ̀gbọ́n òun ti lọ, á fi ọwọ́ òsì nu ojú, á fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ibi tí wọn ó gbé àga sí, á sì sọ fún obìnrin tó ń gbé abọ́ ẹran gba ẹ̀yìn ilé kọjá pé òun ti rí i. Àwọn kan ní ibẹ̀ gan-an ni òwe wa ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Àǹtí Tinú rí Ìbídùn tó dúró pẹ̀lú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn awọ. Ó ní ìgbà wo ni òun ti ń retí rẹ̀, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣí i. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni *Adéoṣùn Látúbọ̀sún*, tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, tí ìyókù ewé sì ṣófo. Ó ní iṣẹ́ náà dára. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú fọ́tò, ó sì fa bírò lé ẹni tó wà níwájú lọ́wọ́.

Ìbídùn kúnlẹ̀ láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ta ni ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀fọ̀ rí tí wọ́n bi í pé kí ni ó fẹ́ sọ? Àǹtí gbé e dìde, ó gbá a mọ́ra, ó ní ó tó, ó tó, bàbá ti dàgbà kó tó lọ. Ó tún kúnlẹ̀. Wọ́n tún gbé e dìde. Nígbà tó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin méjì mú un lápá, wọ́n mú un lọ jókòó láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n sì fún un ní omi tútù. Kí ó wá dìde kó já ìwé gbà níwájú fọ́tò òkú? Wọn kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Láti ibi tó jókòó sí, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ba ìwé rẹ̀ jẹ́.

Alága ẹgbẹ́ onílé kọ “Sùn-un re o” gbàgàdà sí àárín ewé Awakọ̀, ó sì tẹ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lé e. Àwọn aya ilé fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kan pe ara rẹ̀ ní ìyàwó kẹta, ẹnì kan sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣí ewé Kọ̀ńdọ́. Ẹgbẹ́ akọrin mọ́kànlá to orúkọ wọn yí ìfọwọ́sí Bàbá Jìnádù ká bí ìgbà tí a sọ ọgbà yí ewúrẹ́ ká. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyá Awòràwọ̀, wọ́n rí ohun tó kọ, pé “A ó pàdé lókè.” Ó wú wọn lórí. Ẹni tó tẹ̀ lé e kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn kọ ọ́ pé òun náà fara mọ́ ọn. Nígbà tó fi di ẹni kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ náà ti di “gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ lókè.” Ọkùnrin kan tó ń kan pósí kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀, ó ní ọ̀yàyà ni àwọn fi ń dá oníbàárà lóhùn. Ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀ ọ́n kọ ti ìka bọ àdí inú àtùpà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ìfọwọ́sí Dókítà.

Ewé kẹfà nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá ti ṣí i, tí wọ́n rí orí garawa pẹ̀lú ojú iná méjì, wọ́n á yára ṣí i kọjá. Ìyá arúgbó aládìí náà ní irú àwòrán wo nìyí níwájú òkú, ó yí ọwọ́ ká orí rẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, ìwé ìbánikẹ́dùn gidi dé, ó ń dán, igba ojú ìwé. Ọkàn Ìbídùn fò sókè. Ó ní wọn ó dá tòun padà báyìí. Ṣùgbọ́n Àǹtí Tinú wo ìwé tuntun, ó wo èyí tó ti kún, ó ní àwọn kò lè ní kí èrò tún padà wá tò. Ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí nínú ẹbí náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn yẹ́ ẹ sí jù, kí wọ́n fi ìwé tó kún náà sí abẹ́ apá rẹ̀ nínú pósí, kí ó lè mọ gbogbo àwọn tó wá.

Ìgbà náà ni Ìbídùn bú sẹ́kún.

Ọdún méjì tó fi rìn ni ó ń sunkún fún, àti téèpù tí wọ́n pa rẹ́, àti bàbá tó kú ku ọjọ́ méjì, àti ìlà òfìfo tí wọn ó gbé wọ ilẹ̀. Ó lọ di ìwé náà mú. Ó fẹ́ sọ pé tòun ni, ẹkún kò jẹ́. Gbogbo agboolé yíjú sí i. Àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ń sunkún ju ọmọ olókùú lọ, ó sì di ohun tó fẹ́ wọ inú pósí mú pinpin. Olórí ẹbí, bàbá kan tó gbé gíláàsì ńlá sójú, súnmọ́ ọn, ó wo iwájú orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún àwọn yòókù pé ó jọ ọ́. Ó ní Adéoṣùn kì í sọ tinú rẹ̀, pé ọdún tó lò ní Ìwó nígbà èwe rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣe níbẹ̀. Bí Ìbídùn ṣe ń mi orí pé rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé bí olóògbé ṣe máa ń mi orí nìyẹn. Àkọ́bí olóògbé bọ́ fìlà, ó ní kí àbúrò òun káàbọ̀, ilé ńlá nìkan ni kó má béèrè.

Ìbídùn kò lè sọ̀rọ̀, ó wá ń ṣí ìwé náà ní ewé ní ewé kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tó jẹ́. Omijé rẹ̀ ń kán sórí àwọn ìfọwọ́sí. Ohun gbogbo pọ̀ mọ́ ara wọn lójú rẹ̀, akọrin, kápẹ́ńtà, àdí. Ó ṣí ewé kẹfà.

Ìlà náà kò ṣófo mọ́.

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gé nǹkan líle. Ó kọ ọ́ pé, *Èmi ni. Gàníyù Ọ̀jẹ́labí, Apòmù.*

Ìbídùn gbé ojú sókè, omijé ṣì ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo àwọn tí ojú wọn gbẹ ń wo òun. Òun nìkan ló rí, ní ẹ̀yìn àtíbàbà, níbi tí òòrùn wà, bàbá kan tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nítorí pé kò sí ẹni tó fún un ní àga, tó ń tẹjú mọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ òun.

Ó lọ bá a, ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn. Bàbá náà rò pé ọmọ olókùú ni. Ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún mọ́.

Ìbídùn ní, “Bàbá, orúkọ yín ni mò ń sunkún fún.”

Bàbá Ọ̀jẹ́labí ní ìgbà tí gbogbo ojú wà lára ìwé tuntun ni òun yọ́ lọ kọ ọ́. Ó sọ fún un pé òun ṣì ń fi páànù ṣe àrọ àti fìtílà ní Apòmù. Ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ìdílé Ọ̀jẹ̀ ni òun, àwọn mọ bí a ṣe ń wà nínú nǹkan kí a má fọhùn. Ohun kan ló ń dun òun. Gbogbo ọjọ́rú fún ọdún mẹ́rin ni òun ń sọ fún ìyàwó òun pé ilé tẹlifíṣàn ni òun ń lọ. Ìyàwó òun á wo eré náà ní ilé aládùúgbò títí dé ìparí, kò ní rí ojú òun, á ka orúkọ tí wọ́n tò, kò ní rí orúkọ òun. Ó pinnu pé ilé obìnrin mìíràn ni òun ń lọ.

Ó ní, “Ọ̀pẹ̀kẹ́ bá mi gbé ọdún mọ́kàndínlógójì, kò já mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn pé òpùrọ́ ni mí. Àwọn ọmọ sì gba ti ìyá wọn gbọ́.”

Ẹ ò rí i bí àìṣòdodo tí kò ju ìlà kan lọ ṣe lè gbé inú ilé ènìyàn fún ogójì ọdún?

Ìbídùn dìde, ó mú bàbá náà lọ́wọ́ gba abẹ́ àtíbàbà lọ sí iwájú. Ohùn rẹ̀ ti padà wá. Ó ka orúkọ náà sókè lójú gbogbo èrò, ẹ̀ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe ń pe ẹjọ́ ní kóòtù. Bàbá Jìnádù tí kò ríran, tí òun àti Ìyá Awòràwọ̀ wá sin Awakọ̀, dìde lórí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ojú Bàbá Ọ̀jẹ́labí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní ọdún mẹ́rin ni àwọn fi jọ jẹ gúgúrú rẹ̀. Ìyá Awòràwọ̀ ń sunkún. Àǹtí Tinú náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ó rí i pé bàbá náà kò ní àga, ó sì gba ti kápẹ́ńtà fún un. Ó gbà kí ìwé wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Èyí tó ṣófo ni wọ́n fi sábẹ́ apá òkú, olórí ẹbí ní kí ó máa fi gba ìfọwọ́sí àwọn tó bá bá pàdé lọ́hùn-ún. Títí di òní olónìí ni olórí ẹbí náà ṣì ń sọ pé iwájú orí Ìbídùn kò parọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Ìbídùn gbé ìwé náà lọ sí Apòmù. Àwọn ọmọ Bàbá Ọ̀jẹ́labí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé jọ sí ìyàrá, Bàbá Jìnádù sì bá wọn wá láti jẹ́rìí. Ó jẹ́rìí tán. Àkọ́bí wọn obìnrin, Sàláwà, olùkọ́ ni. Ó ka ìlà náà, ó tún un kà, ó sì lọ yọ fọ́tò ìyá wọn kúrò lára ògiri, ó gbé e sórí itan rẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún tó fi jẹ́ pé fọ́tò náà ń mì lórí itan rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú bàbá rẹ̀, ó ní kó foríji àwọn, àwọn àti ìyá àwọn. Bàbá ń sunkún. Àwọn àbúrò ń sunkún. Ìbídùn ti bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátá.

Ẹkún náà kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí Sàláwà gbé orí sókè, tó tún wo ìwé náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá mi, ẹ ò kọ ọjọ́ sí i.”

Bàbá wò ó. Òótọ́ ni, kò sí ọjọ́ níbẹ̀. Ìbídùn tó ti fi ogún ọdún ṣe akọ̀wé kóòtù kò rí i. Ó ń sunkún lọ ni ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú bírò jáde, ó sì ń sunkún lọ ni ó fi rúlà fa ìlà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Bàbá Ọ̀jẹ́labí nu ojú, ó sì kọ ọjọ́ sórí ìlà náà.

Ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìdí mìíràn fún yín. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.